Láti Agọ́ Ẹ̀gbá Dé Ayétòrò: Ìlú Àwọn Tí Ìgbàgbọ́ Wọn Yàtọ̀

 Ewì lẹ mọ̀ mọ́ mi nínú ìwé wa yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn ni mo fẹ́ sọ, ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, tó lọ́dún, tó sì ní ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ìtàn náà.

Ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́rin là ń gbé yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Àwọn mẹ́ta yòókù jọ ń lọ sí fẹ́lóṣíìpù kan náà ni. Tó bá ti di aago márùn-ún ìdájí, wọ́n á dìde, wọ́n á kọrin, wọ́n á gbàdúrà. Èmi kì í bá wọn dìde. Kì í ṣe pé mo kórìíra àdúrà o, ilé àdúrà ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń kà nípa Ifá nínú iṣẹ́ tí mo wá kọ́, mo rí i pé mi ò lè la ẹnu mi kí n pe ọgbọ́n àwọn baba wa ní iṣẹ́ Sàtánì mọ́. Mi ò bọ Ifá, mi ò sì bú Ifá. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn, kò sì sí ẹnì kan nínú yàrá náà tó bá mi dúró síbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí jókòó. Bùọ̀dá tó dàgbà jù nínú wọn ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àbúrò, a ò bá ẹ jà o. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé Odù tó o kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, ọkàn wa ò balẹ̀ sí i. Yálà kó o kó wọn jáde, tàbí kí ìwọ pẹ̀lú wọn jọ jáde." Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ká ní ó pariwo ni, èmi náà ì bá pariwo, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀.

Mi ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà. Ohun tí mò ń rò kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò bá ti àwọn tó yí i ká mu, kí ló yẹ kó ṣe? Ṣé kó dákẹ́ ni? Ṣé kó kẹ́rù ni? Tó bá kẹ́rù, ibo ló ń kó o lọ? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba ilé ìkàwé lọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe tuntun rárá. Àwọn ọmọ Yorùbá ti bá ìbéèrè yìí wọ̀jà tipẹ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ tìtorí rẹ̀ tẹ ìlú dó. Mo mú mẹ́ta nínú ìtàn wọn wá fún yín.

1. Agọ́ Ẹ̀gbá

Ọdún 1846 ni àwọn míṣọ́nnárì ìjọ C.M.S. wọ Abẹ́òkúta. Henry Townsend wà nínú wọn, Samuel Ajayi Crowther náà sì wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó dé ni àwọn Sàró ti ń padà wálé. Ọmọ wa ni àwọn Sàró, àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì gbé lọ sí Sàró. Àwọn kan nínú ará ìlú gba ẹ̀sìn tuntun náà, ọ̀pọ̀ ò gbà á. Ní ọdún 1849, wọ́n mú àwọn onígbàgbọ́ ní Ìgbórè, wọ́n nà wọ́n, wọ́n kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ká tètè dá àwọn tó ṣe é lẹ́bi. Ẹ rò ó wò ná. Nígbà yẹn, ogun wà káàkiri. Ìlú tuntun ni Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti fọ́ ìlú wọn sá wá sábẹ́ Olúmọ. Ẹni tó ní òun ò bá wọn dá sí ètùtù mọ́, òun ò bá wọn ṣọdún òrìṣà ilé mọ́, lójú tiwọn, onítọ̀hún ti yọwọ́ nínú ohun tó ń ṣọ́ ìlú. Wọ́n rò pé ihò ló ń lu sára odi. Ẹ̀rù ló bà wọ́n. Ẹ̀rù yìí kan náà ni mo rí lójú Bùọ̀dá lálẹ́ ọjọ́ tí mo wí.

Síbẹ̀, nígbà tí ogun Dahomey dé bá Abẹ́òkúta ní 1851, tó tún padà wá ní 1864, àwọn onígbàgbọ́ bá ará ìlú gbé ìbọn, wọ́n jọ jà á ni. Ọ̀tá ò dúró bi ẹnikẹ́ni bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ tàbí ìdí Ògún.

Ṣé ẹ wá rò pé ìyẹn ló parí ìjà? Kò parí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní 1861. Gómìnà wọn, John Glover, àti àwọn Ẹ̀gbá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀ owó bodè, ọ̀rọ̀ ọ̀nà, àti ọ̀rọ̀ ibi tí ààlà wà. Glover kó ọmọ ogun sórí ilẹ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá ní tàwọn ni. Ọkàn ará ìlú wá gbóná sí ohunkóhun tó bá ti jọ mọ́ òyìnbó. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀wàwà ọdún 1867, wọ́n ya wọ àwọn ilé ìsìn àti ilé míṣọ́nnárì. Wọ́n fọ́ ilé, wọ́n kó ẹrù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe ọjọ́ náà ní Ìfọ́lé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Townsend fi ń tẹ Ìwé Ìròhìn láti 1859 bá a lọ. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní èdè wa nìyẹn o. Bó ṣe parí nìyẹn.

Àwọn òyìnbó kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ náà kẹ́rù, ó di Èkó. Glover fún wọn nílẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́tta, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Agọ́ Ẹ̀gbá ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ẹ kíyè sí orúkọ yẹn. Ìgbàgbọ́ ló lé wọn kúrò nílé, ṣùgbọ́n wọn ò pe ibẹ̀ ní Agọ́ Onígbàgbọ́. Ẹ̀gbá ni wọ́n ṣì ń pe ara wọn. Agọ́ náà ni wọ́n sì pè é, bí ẹni tó fẹ́ sùn mọ́jú kó padà sílé. Agọ́ yẹn ti di àdúgbò ńlá lónìí.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn ò lọ. Ìwé kì í sábà pariwo wọn, àwọn sì ni mo ronú lé lórí jù. Wọ́n dúró sí Abẹ́òkúta láàárín àwọn tó fọ́ ilé wọn. Kò sí òyìnbó kankan tí yóò gbà wọ́n sílẹ̀, ọwọ́ àwọn àlùfáà ọmọ ilẹ̀ wa ni ìjọ wá bọ́ sí. Wọ́n ra ọjà lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò kan náà, wọ́n sin òkú, wọ́n jẹ oyè. Ìjọ ò kú. Ṣọ́ọ̀ṣì Aké ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ẹ lè lọ wò ó.

2. Ayétòrò

Ọgọ́rin ọdún gééré lẹ́yìn Ìfọ́lé, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, létí òkun, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tí Moses Orimolade àti Abiodun Akinsowon dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1925, ti tàn dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ náà ò bá ará ìlú rúbọ mọ́. Àwọn ará Ayétòrò máa ń sọ ọ́ nínú ìtàn wọn pé àwọn baba wọn wàásù lòdì sí pípa ìbejì, pé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fìyà jẹ wọ́n, tí wọ́n ń gbé wọn lọ sí kóòtù. Nígbà tó sú wọn, ní ọdún 1947, wọ́n kó jáde. Ibi tí wọ́n lọ tẹ̀dó sí, ẹnì kankan ò bá wọn du ú. Ẹrẹ̀ ni. Òkun ńlá wà níwájú, àbàtà wà lẹ́yìn. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n kọ́lé sórí òpó. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Ayétòrò. Àpọ́sítélì Mímọ́ ni wọ́n pe ara wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí yìí, torí ohun tí àwọn èèyàn yìí ṣe, ó lè ya ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu. Wọ́n kà á nínú Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì pé àwọn onígbàgbọ́ ìgbà ìwáṣẹ̀ ní ohun gbogbo ní àjùmọ̀ní. Àwa náà ti kà á, àbí? A kà á, a ṣí ojú ewé kejì. Àwọn kà á, wọ́n ṣe é. Kò sí owó oṣù. Kò sí tèmi, kò sí tìrẹ. Ẹni tó pẹja, ẹni tó ránṣọ, ẹni tó gbẹ́ ọkọ̀, àpò kan náà ni èrè gbogbo wọn ń wọ̀. Oúnjẹ, aṣọ, ilé, ìlú ló ń pèsè rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọba wọn, Zaccheus Okenla Peter ni àkọ́kọ́, òun náà ni olórí ìjọ.

Kò pẹ́ kò jìnnà, Ayétòrò di àríwòyanu. Wọ́n ní ọkọ̀ ìpẹja ńlá, wọ́n ń kan ọkọ̀ fúnra wọn. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà, ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ, ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, ilé alágbàfọ̀. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ títì wọn láti ìpẹ̀kun ìlú dé ìpẹ̀kun. Wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ọ̀nà omi kí ọkọ̀ lè gba inú ìlú kọjá lọ sí ọ̀sà. Wọ́n ní ẹ̀rọ iná mànàmáná tiwọn lásìkò tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ wa ṣì ń tan àtùpà. Ìjọba ò bá wọn dá sí i. Àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé nítorí ìgbàgbọ́ ni, tí wọ́n pa ọwọ́ pọ̀.

Nígbà tí mo ka ibi yìí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ nínú ilé ìkàwé. Mo ní, "Ó parí. Ìdáhùn rèé. Kúrò láàárín àwọn tí kò fẹ́ ọ, wá irú tìrẹ, ẹ jọ kọ́lé." Ṣùgbọ́n ìtàn ò tíì parí.

Ìlú tó bá tìtorí ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo dúró, ó di dandan kí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ máa gba ohun kan náà gbọ́. Àsìkò kan wà tí wọ́n fòpin sí ìgbéyàwó, tí ọkùnrin ń gbé apá kan ìlú, tí obìnrin ń gbé apá kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n gbà gbọ́ pé Àpọ́sítélì kì í kú. Ikú dé o, àwọn èèyàn wọn ń kú. Kí ni kí ẹni tí ìyá rẹ̀ kú lójú rẹ̀ wá sọ, nínú ìlú tí wọ́n ti ní kò sí ikú? Ibo ni yóò kó iyèméjì rẹ̀ lọ? Mo wá ìdáhùn sí i, mi ò rí i. Mo kàn mọ̀ pé ẹni bẹ́ẹ̀ á wà, torí kò sí ìlú tí kò ní i.

Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Ayétòrò dàgbà. Ẹnikẹ́ni ò lé àwọn rí. Òpó tí bàbá wọn rì, ilé lásán ni lójú tiwọn. Nígbà tí ọdún 1960 sí 1970 fi ń parí lọ, wọ́n ti ń gbà kí oníkálukú máa ṣòwò tirẹ̀, kó máa kó èrè rẹ̀ sápò. Àjùmọ̀ní tú. Stanley Barrett, onímọ̀ kan tó lọ gbé láàárín wọn láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa wọn, kọ ìwé lé ìdìde àti ìṣubú ìlú náà lórí ní 1977. Ó ní àjùmọ̀ní yẹn gan-an ló sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀, pé nígbà tó lọ ni ọrọ̀ náà ń lọ.

Èyí tó kù, ẹ ti lè gbọ́ ọ nínú ìròyìn. Òkun tí wọ́n fi ṣe ààbò ti kọjú sí wọn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí omi ti ń gba ilé lọ ní Ayétòrò: ilé ìgbé, ilé ìwé, ibi iṣẹ́, títí kan itẹ́ òkú. Wọ́n gbé iṣẹ́ ìdènà omi fún agbaṣẹ́ṣe lọ́dún 2000 àti mẹ́rin, ìlérí pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, omi ò dúró. Ọ̀pọ̀ ti kẹ́rù lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn baba wọn sá fún èèyàn, àwọn ń sá fún omi.

3. Ọ̀yọ́túnjí

Ẹ lè máa rò ó pé onígbàgbọ́ nìkan ló máa ń sá fún abọ̀rìṣà. Ẹ bá mi sọdá òkun lọ sí Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n ti dojú ọ̀rọ̀ náà dé.

Ní 1928, wọ́n bí ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan sí ìlú Detroit, Walter Eugene King ni wọ́n sọ ọ́. Ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni, ẹ̀sìn Kristi ni wọ́n ń ṣe nílé wọn. Ó dàgbà tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, ta ni Ọlọ́run àwọn baba òun kí wọ́n tó dé inú ọkọ̀ ẹrú? Ìbéèrè náà gbé e dé Cuba. Ní 1959, wọ́n fi í jẹ àwòrò Ọbàtálá ní Matanzas. Ó padà sí Harlem ní New York, ó dá ilé ìsìn Yorùbá sílẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò bá aládùúgbò mu, kò sì bá àwọn tó fi í jẹ àwòrò pàápàá mu. Àwọn ọmọ Cuba ti fi orúkọ àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà bo òrìṣà láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kí òrìṣà yè lábẹ́ àwọn tó kó wọn lẹ́rú. Ọkùnrin yìí ní òun ò fẹ́ ìbòjú kankan mọ́, gbangba làṣá ń ta. Inú àwọn kan ò dùn sí i. Ní ọdún 1970, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ kó lọ sí inú igbó ní South Carolina, nítòsí Sheldon, wọ́n tẹ abúlé kan dó, wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀yọ́túnjí. Òun ló di Ọba Efuntola Adefunmi Kìn-ín-ní. Wọ́n kọ ojúbọ òrìṣà, wọ́n kọ ilà sójú, wọ́n ń fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, wọ́n ń kọ́ èdè Yorùbá. Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà wọn tó ń sọ fún àlejò pé ó ti ń kúrò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1981, Ọọ̀ni Okunade Sijuwade fún un ní àṣẹ ọba ní Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ wo ayé! Ní Ìlàjẹ, wọ́n sá fún òrìṣà kí wọ́n lè rí Jésù sìn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kúrò nínú ilé Jésù kí wọ́n lè rí òrìṣà sìn. Èdè tí àwọn ọlọ́jà ń fi wá ṣẹ̀sín pé a wá kọ́ ní yunifásítì, àwọn kan fi ìlú wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè sọ ọ́. Ohun kan náà sì ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀yọ́túnjí tó ṣẹlẹ̀ sí Ayétòrò. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ń dín kù. Ọba Adefunmi wàjà ní 2005. Abúlé náà ò parẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti ibẹ̀ jáde ló ń bọ òrìṣà wọn nínú ìlú ńlá báyìí, láàárín àwọn aládùúgbò tí kò mọ Ọbàtálá yàtọ̀ sí ọbẹ̀ ata.

4. Ohun tí mo rí

Nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo rí nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi pé ó wá àwọn tó jọ ọ́. Ẹyẹ ń wá irú rẹ̀, kí ló dé tí èèyàn ò ní wá? Ẹni tí wọ́n kan àbà mọ́ lẹ́sẹ̀, èmi ò lè sọ fún un pé kó jókòó. Ṣùgbọ́n àwọn tí ìlú lé, tí wọ́n lọ tẹ ìlú tiwọn dó, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan á dìde láàárín wọn tí yóò ní, "Ẹ má bínú, èmi ò gbà á bẹ́ẹ̀ yẹn." Ọjọ́ yẹn la ó mọ̀ bóyá ìlú tuntun ni wọ́n tẹ̀ dó lóòótọ́, àbí ìlú àná náà ni wọ́n tún kọ́ síbòmíràn. Ilé tí a bá lé wa jáde nínú rẹ̀, a máa ń rántí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lé wa. A kì í tètè gbọ́ ọ nígbà tó bá ń ti ẹnu wa jáde.

Mo padà sí yàrá. Mo bá Bùọ̀dá níbi tó ti ń lọṣọ. Mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Àdúrà tí ẹ máa ń gbà ní ìdájí, èdè ibo ni ọ̀rọ̀ náà?" Ó ní èdè Yorùbá ni. Mo ní rárá o, láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wá, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí la ti yá a. Wòlíì náà, ibẹ̀ ló ti wá. Ìwàásù, ibẹ̀ ni. Àlùfáà, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí náà la ti gbọ́ ọ. Nígbà tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá lẹ́nu àwọn aládùúgbò ni wọ́n mú lò. Olódùmarè tí ẹ ń pè lórí orúnkún, inú Ifá tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi yẹn náà ló wà. Ẹ ò lè kó aládùúgbò jáde pátápátá, Bùọ̀dá. Ó ti wà nínú àdúrà yín.

Kò gbà o. Ẹ má rò pé mo borí. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní èmi àti ẹnu mi yìí. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé o lè kó wọn sínú àpótí, kó o sì tì í?" Mo ní mo lè kó o. Ó ní, "Kó o má sì sùn tí a bá ń gbàdúrà, ó máa ń dà wá lọ́kàn rú." A jọ fẹnu kò sí i pé tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi á gbé ìwé mi lọ sí ẹnu kọ́ridọ̀, á sì tan iná síbẹ̀ fún mi tí NEPA bá gbà. Bí a ṣe parí sáà náà nìyẹn. Wọn ò yí mi padà, mi ò yí wọn padà. Nígbà tí ibà kọlù mí nínú oṣù ìdánwò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbé mi lọ sí kíníkì. Wọ́n gbàdúrà lé mi lórí lọ́nà, mo sì ṣe àmín.

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ku ẹyọ kan, òun gan-an ló sì mú mi kọ ìwé yìí.

Ẹgbẹ́ wa yìí ni Ayétòrò tèmi. Ẹ mọ̀ ọ́n, àbí ẹ ò mọ̀? Nínú kíláàsì tí a máa ń jókòó sí ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ni mo fi ìwé Odù ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka ewì mi níbẹ̀, ara tù mí bí ẹni tó bọ́ bàtà tó fún un lẹ́sẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ló wá síbẹ̀ torí pé ibòmíràn kò gbà wá.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin ọdún kìn-ín-ní kan wá bá wa. Ó wé gèlè, ó gbé Bíbélì dání, S.U. gidi. Ó dìde, ó ka ewì kan tó kọ nípa bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń gbàdúrà lóru. Kó tó ka dé ìdajì, ẹnì kan ti kígbe "Halelúyà!" láti ẹ̀yìn. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, mo rẹ́rìn-ín débi tí omi bọ́ lójú mi. Ó ká ìwé rẹ̀, ó jókòó jẹ́jẹ́ títí a fi parí, ó sì kí wa pé ó dàárọ̀. Kò padà wá mọ́.

Ewì náà dára. Mo rántí ibi kan nínú rẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni, mi ò ní kọ ọ́ síbí láìgba àṣẹ rẹ̀.

A ò fọ́ ilé rẹ̀. A ò kan àbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rín la rín. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ohùn jẹ́jẹ́ ṣe ń lé èèyàn jáde, mo sì rò pé ẹ̀rín náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó bá mọ yàrá rẹ̀, kó jọ̀ọ́ fún un ní ẹ̀dà ìwé yìí kan, kó bá mi sọ fún un pé mo ní kó má bínú. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́rin, a óò fi àyè sílẹ̀ fún un ní iwájú. Kó wá parí ewì rẹ̀. Tí ẹnì kan bá kígbe láti ẹ̀yìn, èmi ni n ó kọ́kọ́ dìde.